Kí O Tó Sọ Pé Ràmátù Ló Ba Maṣíìnì Jẹ́

Àdùkẹ́ mi, Bàlìkísù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ilé tuntun yín ní Kùmásì. Ara mi le díẹ̀. Èjìká ọ̀tún ló ń ro mí, ojú náà kì í sì fẹ́ kí n tẹjú mọ́ nǹkan pẹ́ mọ́. Ọjọ́ orí nìyẹn, má jẹ́ kó dà ọ́ lọ́kàn rú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní maṣíìnì tí mo gbé fún ọ nígbà ìgbéyàwó ti bàjẹ́. O ní tí o bá ń fi abẹ́rẹ́ yàwòrán sára aṣọ ìbora tí ò ń kọ́, òkè aṣọ á mọ́, ṣùgbọ́n òwú á dì gúlúgúlú nísàlẹ̀ bí irun tí a kò yà. O ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án bí kò ṣe Ràmátù, àbúrò ọkọ rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. O bá a nídìí rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. O ti sọ fún ọkọ rẹ pé ọmọ náà ń jowú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. O wá bi mí pé kí ni kí o ṣe sí i.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ dé ibẹ̀, mo jókòó sórí àpótí.

Mi ò fi ohùn dá ọ lóhùn, nítorí ohùn orí fóònù kò ní ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gbọ́. Ìwé yìí, ìwọ nìkan ni kí o kà á. Mo mọ̀ pé èdè Twi ló yá lẹ́nu rẹ, pé Yorùbá kíkà máa ń fà ọ́ sẹ́yìn. Kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, èmi ni kí o pè, má bẹ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn pé kó bá ọ tú u.

Ṣùgbọ́n kí o tó ka ìyókù, dìde. Lọ sídìí maṣíìnì. Na ọwọ́ sẹ́yìn orí rẹ̀, wàá kan ọ̀pá kékeré tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tó yí abẹ́rẹ́ ká, sókè, èyí tí a máa ń gbé tí a bá fẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́. Wò ó bóyá òkè ló wà. Bó bá jẹ́ òkè ló wà, Ràmátù kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bíi ti aṣọ lásán. Fífò ló máa ń fò lórí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ lè máa darí aṣọ síbi tó wù ọ́. Nítorí náà, bí ọ̀pá náà wà lókè, bó wà nílẹ̀, ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà lókè, kò sí ohun tó di òwú òkè mú mọ́. Á máa ṣàn bó ṣe wù ú, ìsàlẹ̀ ni yóò sì lọ kó jọ sí. Maṣíìnì kò bàjẹ́. Gbígbàgbé lo gbàgbé.

O lè bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ láti Accra níbí, láìfojú rí i. Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ṣe é, lórí maṣíìnì yẹn gan-an. Ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i tún ṣe tán títí di òní.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ìdí tí Àǹtí Síkírá rẹ kì í fi í sùn nílé wa. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ. Ó jó, ó fi aṣọ ta ọ́ lọ́rẹ, ó bá wa fọ abọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣú báyìí, ó wọ ọkọ̀ tirótirò lọ sí Madina, níbi tó ń gbé lẹ́yìn ìlú Accra níbí, bẹ́ẹ̀ a ti tẹ́ ẹní fún un. Mo dá ọ lóhùn pé ó fẹ́ràn ibùsùn rẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Jókòó kí n sọ fún ọ.

Nígbà tí o kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, a ń gbé yàrá méjì nínú agboolé kan lẹ́yìn ọjà Kaneshie. Ọjà Kantamanto ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn aṣọ àlòkù tí wọ́n ń tú nínú bélì, tí wọ́n ń pè ní obroni wawu níbí, èyí tó bá ya ni àwọn oníṣòwò ń kó wá fún mi: síìpù tó já, bọ́tìnnì tó sọnù, ṣòkòtò tó gùn jù. Iṣẹ́ tí kì í tán ni. Tí o bá tún ti òní ṣe, tòla á dé nínú bélì mìíràn.

Síkírá wà lọ́dọ̀ wa. Àbúrò bàbá rẹ pátápátá ni, bàbá rẹ ló ránṣẹ́ pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá bá wa tọ́jú rẹ. Mo fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ṣùgbọ́n nínú ìdílé ni mo bá a, ọkọ mi ló jẹ́. Ó ń sọ “ẹ” fún mi nítorí ọjọ́ orí, èmi náà ń sọ “ẹ” fún un nítorí ilé. Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ rí nígbà náà. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, a máa fọwọ́ bo ẹnu, a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibùsùn rẹ. Tí o bá ń sunkún lọ́wọ́ mi, tí o bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, o ti dákẹ́ nìyẹn.

Obìnrin Gã kan wà nínú agboolé náà, Àǹtí Dédé. Aṣọ ìbora ló ń rán. Á so ẹ̀rúnrún aṣọ pọ̀ di odidi kan, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí àárín, á fi aṣọ mìíràn tẹ́ ìdí rẹ̀, á wá gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, á máa ya ewé, á máa ya ìgbì omi sí i lára, láìfi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń kírun níwájú rẹ̀. Mo ní kó kọ́ mi. Bàbá rẹ bá mi ra maṣíìnì dúdú yẹn lọ́wọ́ arúgbó aránṣọ kan ní Okaishie. Maṣíìnì náà ti ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, mo ti gbaṣẹ́. Obìnrin kan tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ ló ní kí n rán ìbora ńlá fún ọmọ náà. Àǹtí Dédé wò mí, ó mi orí.

“Aláta,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, “ẹ dúró. Ọwọ́ yín kò tíì mọ ẹsẹ̀ yín.”

Mi ò dúró. Ó ń wù mí kí wọ́n mọ̀ mí sí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí síìpù.

Àárín aṣọ náà dára, nítorí Àǹtí Dédé ń wò mí. Lẹ́yìn náà, òkú ẹbí gbé e lọ sí Téṣí fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Èmi nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Òwú tán, mo ki òmíràn bọ̀ ọ́, mo sì ń rán lọ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mi ò yí aṣọ náà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n wo ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wá gbé e ni mo tó yí i. Ìdajì rẹ̀ ti dì gúlúgúlú, bó o ṣe sọ nípa tìrẹ. Bí a bá tú u, ojú abẹ́rẹ́ kò ní parẹ́ lára aṣọ.

Ní àkókò yẹn ni Síkírá wọlé, ìwọ lẹ́yìn rẹ̀, àkísà ìnulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé mo bá a nídìí maṣíìnì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Síkírá!” mo ní. “Kí lo fi maṣíìnì mi ṣe?”

Ó dúró. “Ìyàwó wa, èmi lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ ni. Kí lo yí nínú rẹ̀ láàárọ̀?”

“Eruku ni mo nù. Mi ò yí nǹkan kan.”

“Irọ́ ni. Ó ń dùn ọ́ pé wọ́n ń wá mi wá. O ò níṣẹ́ lọ́wọ́, o ò sì fẹ́ kẹ́nì kan níṣẹ́.”

Mo sọ ọ́, Àdùkẹ́. Ẹnu tí mo fi ń kírun ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí bàbá rẹ dé láti ibi iṣẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í ṣe òṣìkà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì gbà mí gbọ́. Ó ní kí Síkírá bẹ̀ mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Síkírá ní, “ṣé ohun tí mi ò ṣe ni kí n máa bẹ̀bẹ̀ fún?”

“Bí o kò bá lè bẹ̀bẹ̀, a jẹ́ pé ìwọ lo ṣe é.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú ọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀. Ó lọ bá obìnrin ará ìlú wa kan tó ń ta ọṣẹ ní Madina. O sunkún tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, mo fà ọ́ padà.

Ọjọ́ kejì tí ó lọ ni Àǹtí Dédé dé. Mo gbé aṣọ náà hàn án. Ó ní kí n rán díẹ̀ kí òun wò. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀. Kò wo aṣọ rárá. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn maṣíìnì, ó ti ọ̀pá yẹn wálẹ̀, ó dún kẹ́. Ó ní kí n máa rán an lọ. Nígbà tí mo yí i padà, ìdí rẹ̀ mọ́ bí òkè.

“Kafra,” ó ní, ìyẹn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. “Gbogbo wa la máa ń gbàgbé rẹ̀. Síkírá ńkọ́? Mi ò rí i láti ìgbà tí mo ti dé.”

Mo ní ó lọ kí ará ìlú wa kan ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ọ̀pá tí mo gbàgbé, kí Ọlọ́hun má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn, gbogbo aránṣọ ló ń gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ìbínú, ó burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá wọ tirótirò lọ sí Madina lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ á ti tán. Ojú ń tì mí. Mo ní lọ́la. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi mọ òtítọ́ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Síkírá máa ń wá kí wa nígbà ọdún Iléyá, á kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dáhùn tútù, á sì tún lọ. Èmi á wà nídìí iná, màá máa ro ọbẹ̀ tí kò fẹ́ rírò.

Lẹ́yìn náà bàbá rẹ kú. O rántí. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ sí Madina. Mo bá Síkírá níwájú ọṣẹ rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ tíì jókòó tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

“Eyínfúnjowó,” mo ní, “ọ̀rọ̀ maṣíìnì ọjọ́sí, èmi ni. Èmi ni mo gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ foríjì mí.”

Ó ń to ọṣẹ. Kò dá ọwọ́ dúró.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Àǹtí Dédé ti sọ fún mi ní ọdún yẹn, nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lọ́jà Kaneshie. Kò mọ̀ pé ìjà wà ńbẹ̀, ó kàn ń fi yín rẹ́rìn-ín ni.”

“Ẹ sì dákẹ́?”

“Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.” Ó wá gbójú sókè wò mí. “Mo ti foríjì yín, ìyàwó wa, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kú pẹ̀lú èrò pé mo lè ba iṣẹ́ ọmọlúàbí jẹ́. Ta ni yóò lọ sọ fún un báyìí?”

Mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ rẹ̀.

Ó fún mi ní omi, mo mu. Kí n tó dìde, ó bi mí bóyá maṣíìnì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Mo fẹ́ kọ́ ọ nígbà náà. Ìdí tí mo fi ń nù ún láràárọ̀ nìyẹn. Mo rò pé bó pẹ́, bó yá, ẹ ó ní kí n jókòó.” Ó tún padà sídìí ọṣẹ rẹ̀.

Àdùkẹ́, mo sọ fún Síkírá lánàá pé mo fẹ́ kọ gbogbo èyí sí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bù ú kù. Nítorí náà, mi ò bù ú kù.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn.

Èkíní, bí o bá ti rán tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, dúró, yí aṣọ padà, wo ìdí rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹwà òkè tàn ọ́ lọ jìnnà. Ohun tó bàjẹ́ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń tú u.

Èkejì, maṣíìnì yẹn ti dàgbà, eyín rẹ̀ tó ń fa aṣọ kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti àwọn tuntun. Gé páálí líle kan, lu ihò abẹ́rẹ́ sí i láàárín, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí eyín náà. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ á máa fa aṣọ sọ́tùn-ún, òun á máa fà á síwájú. Yọ páálí náà kúrò kí o tó rán aṣọ lásán.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yá, kí ọwọ́ rẹ rọra. Bí ọwọ́ bá yá ju ẹsẹ̀ lọ, òwú á já, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fi àlòkù ṣòkòtò kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, bó ṣe wù kó burẹ́wà tó. Má gbaṣẹ́ ẹnikẹ́ni kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí èjìká bá ti ń gun etí rẹ lọ, dìde, mu omi. Èmi kì í dìde nígbà náà, èjìká yìí ló ń bá mi ṣírò rẹ̀ báyìí.

Mo sinmi díẹ̀ níbí. Ojú ni. Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀.

Má pe Ràmátù ní “ọmọ yẹn” mọ́. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo pè é bẹ́ẹ̀. Ó kéré sí ọ, mo mọ̀, wọ́n sì lè sọ pé ayé ti yí padà ní Kùmásì. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé lo bá a. Wo ohun tó dára lára rẹ̀, kí o fi sọ ọ́ lórúkọ, kí o máa fi pè é. Ọjọ́ tí inú bá bí ọ, orúkọ náà á di ọ́ lẹ́nu mú díẹ̀. Èmi, ọjọ́ tí mo ju tèmi nù ni ẹnu mi kò ní ìjánu mọ́.

Bi í léèrè ohun tó ń ṣe nídìí maṣíìnì. Béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀, má béèrè bí ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kọ́ ọ ni, fi àga kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ kí o ní kó jókòó. Àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í sábà tọrọ nǹkan.

Èyí tó kẹ́yìn ló le jù. Lọ bá ọkọ rẹ. Ìwọ lo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, ìwọ ni kí o fẹnu ara rẹ gbé e kúrò. Má sọ pé “bóyá èmi náà ni mo ṣì í”. Sọ pé ìwọ ni. Sọ ọ́ níṣojú Ràmátù, nítorí níṣojú rẹ̀ ni ọkọ rẹ yóò ti fi ojú mìíràn wò ó bí o bá dákẹ́. Ojú á tì ọ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tèmi, mo fi ọdún mẹ́wàá gbé e, mo sì tún gbé e lọ sí ibojì ọkọ mi, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò gbọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé o na ọwọ́ sẹ́yìn maṣíìnì tí o rí i pé ilẹ̀ ni ọ̀pá náà wà, tí kì í ṣe òun ló fà á, ṣì lọ. Ìwọ kò mọ ẹni tó ṣe é nígbà tí o dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ìyẹn tó ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí Ọlọ́hun tù ọ́ nínú, kí ó fi ìfẹ́ sí àárín ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ, kí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́, kí ẹnu rẹ mọ ìgbà tí yóò sinmi. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, màá lọ na ẹ̀yìn. Má pè mí lórí fóònù kí o tó ṣe ohun tí mo wí. Bí o bá ti ṣe é, pè mí. Mi ò ní béèrè ohun tí o sọ, mi ò ní béèrè ohun tí wọ́n fi dá ọ lóhùn. Màá kàn béèrè bóyá ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹun.

Èmi ìyá rẹ,
Ṣàríátù